Aago Orí Ilé Kòkó: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Fídíò Físíìsì Tí Ẹni Tí Kò Ka Físíìsì Rí Yóò Lè Tún Sọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbìyànjú rẹ̀. A ka tíọ́rì Einstein, ó yé wa, inú wa dùn, a gbé fóònù, a sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé bí àkókò kò ṣe rìn bákan náà níbi gbogbo. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n kọ "Ẹ kú iṣẹ́, ọpọlọ yín pé" sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá bi ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kejì pé kí ni fídíò náà sọ. Á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn jinlẹ̀ o." Kò ní rí nǹkan mìíràn sọ.

Fídíò tí a fẹ́ jọ ṣe níhìn-ín kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló ní: kí ẹni tó wò ó lálẹ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láàárọ̀, kó má sì ṣì í sọ. Apẹẹrẹ tí màá mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin wá láti inú tíọ́rì tí Einstein parí ní 1915: aago tó wà lókè ń yára ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Tí ẹ bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lórí èyí, ẹ lè gbé e lọ sórí ọ̀rọ̀ físíìsì mìíràn tó bá wù yín.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fóònù tó ń ya fídíò. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti tó.
- Máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ẹ̀wù láyà. Tí kò bá sí, ẹ fi fóònù kejì sínú àpò àyà kó máa gba ohùn.
- Ìwé, bírò, àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù.
- Áàpù tí ẹ ó fi gé fídíò. CapCut tó fún iṣẹ́ yìí.
- Ẹnì kan tó mọ físíìsì dáadáa, tí yóò ka ọ̀rọ̀ yín kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é.
- Ẹnì kan tí kò ka físíìsì rí, tí ojú kì í tì láti sọ pé nǹkan kò yé òun. Tèmi ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Gbági. Bí ẹ kò bá tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì ra máìkì.

Ìpele 1: Ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀

"Kí ni relativity?", ìyẹn orúkọ tíọ́rì Einstein yìí, ti wúwo jù fún fídíò ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ wá ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ara rẹ̀ á sì máa ta láti mọ̀ bóyá òun gbà á. Tiwa nìyí:

"Ẹ jẹ́ ká ní aago méjì tó bá ara wọn mu régí. A gbé ọ̀kan sí ìdí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, a gbé èkejì sí òrùlé rẹ̀, a fi wọ́n síbẹ̀ di ọ̀la. Ṣé wọ́n á ṣì bá ara wọn mu?"

Aago, ilé, ọ̀la. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á fẹ́ fi ihò dúdú àti ìbẹ̀rẹ̀ ayé kún un nítorí pé wọ́n mọ̀ wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó fídíò tirẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka ìbéèrè náà fún ẹni tí kò ka físíìsì rí yẹn. Tó bá dáhùn láì kọ́kọ́ bèèrè pé kí lẹ ní lọ́kàn, ìpele yìí ti kẹ́sẹ járí. Tó bá ní, "Kí ni lágbájá yẹn?", ẹ yọ lágbájá náà kúrò.

Ìpele 2: Ẹ ṣe ìṣirò náà kí ẹ tó la ẹnu

Fídíò tó kún fún "ó yani lẹ́nu" tí kò ní nọ́ńbà kankan kì í dúró lọ́kàn èèyàn. Òǹwòran kò ní rí ìṣirò yín, àmọ́ ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ti ṣe é.

Gíga Ilé Kòkó jẹ́ mítà 105. Ẹ fi 9.8 sọ ọ́ di púpọ̀, 9.8 yìí ni ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra. Ẹ ó rí 1,029. Ẹ wá ìyára ìmọ́lẹ̀, nǹkan bí mítà 300,000,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 9 tí òdo 16 tẹ̀ lé. Ẹ fi ìyẹn pín 1,029. Ohun tó kù kéré gan-an. Ẹ fi 86,400 sọ ọ́ di púpọ̀, torí iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú òòjọ́ kan nìyẹn. Èsì rẹ̀ ni pé aago òrùlé máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan ṣíwájú ti ìsàlẹ̀ lójúmọ́.

"Ìdá kan nínú bílíọ̀nù" kò ní bá ẹnikẹ́ni délé. Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ sọ ọ́ di ohun tí ojú rí rí. Ọ̀nà méjì ni mo ti dán wò tó ṣiṣẹ́.

Èkíní: láàárín àkókò kékeré yẹn, ìmọ́lẹ̀ á sáré sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ gbé rúlà ọmọ ilé ìwé sókè nínú fídíò. Gígùn rúlà náà ló jẹ́.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Láti 1967, ayé ti gbà pé átọ̀mù caesium ni a ó máa fi wọn ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ rò ó bí onílù: tó bá ti lu ìlù rẹ̀ ní ìgbà 9,192,631,770 géérégé, ìṣẹ́jú àáyá kan ti pé. Dúró. Ẹ má ka nọ́ńbà yẹn jáde báyìí lórí fídíò, ẹ jẹ́ kó hàn lójú fóònù, kí ẹ ní "ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́sàn-án." Láàárín òòjọ́ kan, onílù ìsàlẹ̀ ti lù ju tírílíọ̀nù 794 lọ. Onílù òrùlé lù jù ú lọ. Ìlù mélòó ló fi jù ú? Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án péré! Nínú gbogbo ohun tí mo sọ nínú fídíò mi, mẹ́sàn-án yẹn làwọn èèyàn fi ń pè mí lórí fóònù.

Ẹ kíyè sí ibi méjì tí ìṣirò ti máa ń dójú ti èèyàn.

Tí ẹ bá fẹ́ mẹ́nu kan àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí fóònù fi ń mọ ibi tí a wà, tó ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè, ẹ má fi ìṣirò Ilé Kòkó ṣe é. Ẹ ó rí nǹkan bí ìdá 190 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ 45 ni òtítọ́ rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé bí a ṣe ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀ ni fífà ilẹ̀ ń dín kù, 9.8 kò sì dúró sójú kan. Ẹ gbé 190 náà, ẹ fi 6,371 tó jẹ́ kìlómítà láti àárín ilẹ̀ dé ojú ilẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 26,571 pín in, ẹ ó débẹ̀. Lẹ́yìn èyí, sátẹ́láìtì náà ń sáré, eré sísá sì ń fa aago sẹ́yìn ní nǹkan bíi 7. Ẹ yọ 7 kúrò nínú 45, ó ku 38. Àwọn tó ṣe sátẹ́láìtì náà ti dín ìlù aago rẹ̀ kù díẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sókè, kó lè bá tiwa mu tó bá débẹ̀.

Láàárín ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 11.4. Third Mainland Bridge l'Ékòó jẹ́ kìlómítà 11.8. Àfiwé yìí dùn, ẹ lò ó. Àmọ́ ẹ má sọ pé láìsí Einstein, fóònù yín á gbé yín gba ọ̀nà tó fi kìlómítà mọ́kànlá jìn síbi tí ẹ ń lọ. Fóònù máa ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, ó sì ń fi wọ́n tún aago tirẹ̀ ṣe, nítorí náà àṣìṣe tí gbogbo wọn bá jọ ní, orí aago fóònù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń já sí. Ẹ sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rìn jìnnà tó, kí ẹ dúró síbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fún ẹni tó mọ físíìsì ní ìbéèrè nìkan, ẹ má fún un ní èsì. Kí ó ṣe é lọ́tọ̀. Tí èsì yín kò bá dọ́gba, kò tíì tó àkókò láti gba ohunkóhun sílẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ kọ́kọ́ mú èrò tó ti wà lọ́kàn wọn

Derek Muller, tó dá ìkànnì Veritasium sílẹ̀ lórí YouTube, ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó fi fídíò físíìsì han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó wo àlàyé tó mọ́ tónítóní ní ó yé àwọn dáadáa, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán wọn wò, bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà. Àwọn tó wo fídíò tí ẹnì kan ti ń sọ èrò tó kù káàtó jáde, tí ẹlòmíràn sì ń bá a tú u palẹ̀, ní ó le, ó rú àwọn lójú díẹ̀. Àwọn yẹn gan-an ló ṣe dáadáa jù.

Mo ti rí i lójú ara mi. Mo gbé fídíò àkọ́kọ́ tí mo ṣe lórí aago yìí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó tán, ó jókòó sórí ìdì aṣọ rẹ̀, ó ní:

"Ó yé mi. Aago tí ẹ gbé sókè yẹn ló bàjẹ́."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, kò bàjẹ́. Aago gidi ni."

"Ìwọ náà lo sọ pé ó ń sáré. Aago tó bá ń sáré, ṣebí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe là ń gbé e lọ?"

Òótọ́ ló sọ. Nínú èdè wa, "aago yìí ń sáré" túmọ̀ sí pé ó ti ní àrùn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ pé aago òkè ń sáré, èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi gbin èrò tó lòdì sọ́kàn ẹni tó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí yí bí mo ṣe ń ṣe fídíò padà, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ sọ èrò náà jáde fúnra yín: "Ẹ lè máa rò pé aago òkè ti bàjẹ́ ni." Ẹ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kí ẹ wá fi ohun tí kì í ṣe aago dáhùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbé sí òrùlé ń pọ́n ṣíwájú ti ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà tí aago fi ń yára. Èékánná ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ń hù ní ìwọ̀n kan náà. Ọkàn rẹ̀ ń lù bẹ́ẹ̀. Ohun gbogbo pátá ló jọ ń yára, ìyẹn ni a fi ń sọ pé àkókò fúnra rẹ̀ ni. Látìgbà náà, mi ò lo "sáré" fún aago òkè mọ́. Mo máa ń sọ pé "àkókò ń yára lókè."

Ẹ kíyè sára pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí ẹ bá mú. Ìkòkò ìrẹsì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lò níbi tí mo ti lo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ tó ń bá mi ka ọ̀rọ̀ mi ló ní kí n yọ ọ́: bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni atẹ́gùn ń fúyẹ́ sí i, omi á sì máa hó nígbà tí kò tíì gbóná tó bó ṣe yẹ. Òǹwòran tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á ní atẹ́gùn ló fà á, á sì kúrò lójú ọ̀nà.

Èrò kejì tí ẹ máa bá pàdé: "Nígbà náà, ẹni tó ń gbé lókè á tètè kú." Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹni tó bá fi 80 ọdún gbé lórí òrùlé Ilé Kòkó, gbogbo ohun tó fi dàgbà ju ìkejì rẹ̀ tó wà nílẹ̀ lọ kò tó ìdá kan nínú 30,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára, torí ọjọ́ ayé tirẹ̀ pé síbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bi èèyàn márùn-ún ní ìbéèrè ìpele 1, kí ẹ sì bèèrè ìdí tí wọ́n fi dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìdí wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Èyí tó bá ń padà wá lẹ́nu èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni fídíò yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ.

Ìpele 4: Ẹ yan ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ má yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó tó fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

"Agbára" ló burú jù. A ń lò ó fún ohun tó ń ti nǹkan, a ń lò ó fún ohun tí epo ní nínú, a tún ń lò ó fún ẹni tó lókun. Ẹ fi "ipá" sílẹ̀ fún ohun tó ń tì tàbí tó ń fà, kí "agbára" jẹ́ ti ohun tí epo àti ìmọ́lẹ̀ ń gbé kiri.

"Òòfà" ń mú kí èèyàn rò pé ilẹ̀ jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì bí èyí tó wà nídìí súpíkà. Mo máa ń sọ pé "fífà ilẹ̀." Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ má pe tíọ́rì ní "àbá." Nínú ìpàdé ẹbí, ohun tí a bá dá lábàá ni ohun tí a kò tíì fọwọ́ sí. Tíọ́rì Einstein ti kọjá bẹ́ẹ̀: wọ́n ti wọ̀n ọ́n ní Yunifásítì Harvard ní 1960 lórí gíga tí kò ju mítà 22.5 lọ, wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní NIST, àjọ tó ń rí sí ìwọ̀n ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Boulder, ní 2010, nígbà tí wọ́n gbé aago kan sókè ju èkejì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 33 péré. Gíga àtẹ̀gùn méjì nìyẹn. Tí ẹ bá pè é ní tíọ́rì, ẹ mẹ́nu kan ọ̀kan nínú ìwọ̀n wọ̀nyí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí "agbára" wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Tí ó bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹ padà sẹ́yìn.

Ìpele 5: Ẹ kọ́ àfiwé kan, kí ẹ sì sọ ibi tó ti já

Ẹ̀yin náà ti rí àfiwé aṣọ tí wọ́n tẹ́ fẹ̀, tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wúwo sí láàárín, tí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké ń yí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má lò ó fún ọ̀rọ̀ yìí. Fífà ilẹ̀ ló ń fa bọ́ọ̀lù náà wọnú aṣọ, ohun tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé náà ni ẹ tún fi ń ṣàlàyé. Èyí tó tún burú jù ni pé kò sí àkókò nínú aṣọ náà rárá. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí máńgòrò bá já bọ́ láti orí igi, bí àkókò ṣe yàtọ̀ láàárín òkè àti ilẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Onílù ni kí ẹ lò. Ẹ rọra gbé e báyìí:

Onígángan kan wà ní ìdí ilé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí òrùlé. Irú aago kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣàdéhùn pé ti ìsàlẹ̀ á máa lu ìlù 100 ní ìṣẹ́jú kan, ti òkè á máa kà. Ti òkè kà á, kò pé 100. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kò pé. Níbo ni èyí tó kù lọ? Ṣé ó sọnù lójú ọ̀nà ni? Tó bá jẹ́ pé ó ń há sójú ọ̀nà, lẹ́yìn ọdún kan, ìlù á ti kún gbogbo àárín ilé náà. Ilé kò ga sí i, ọ̀nà kò gùn sí i. Ìlù tó bá kúrò nílẹ̀ ló ń dé òkè. Onílù ìsàlẹ̀ sì búra pé òun lu 100 pé. Ohun kan ló kù tó lè yàtọ̀, ìyẹn ni ìṣẹ́jú fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú ìsàlẹ̀ gùn ju ìṣẹ́jú òkè lọ.

Ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìṣẹ́jú méjì gbáko nínú fídíò yín. Ẹ má kánjú lórí "níbo ni èyí tó kù lọ?", torí ibẹ̀ ni òǹwòran ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín ronú.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ibi tí àfiwé ti já, kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba: etí kankan kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí lára ìlù gidi, ó kéré jù. Onílù tòótọ́ ni átọ̀mù, ìlù tòótọ́ ni ìgbì ìmọ́lẹ̀. Òkúta tí a jù sókè máa ń rọra bí ó ti ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ kì í rọra. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń yí díẹ̀ sí apá pupa, ìyẹn ni pé ìgbì rẹ̀ ń dé òkè lọ́kọ̀ọ̀kan ju bó ṣe kúrò nílẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n wọ̀n ní Harvard nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ sọ ìtàn onílù náà fún ẹni tí kò ka físíìsì rí, kí ẹ dákẹ́ lẹ́yìn "níbo ni èyí tó kù lọ?" Tó bá ń méfò, ẹ ti ṣe é. Tó bá ń wo fóònù rẹ̀, ẹ dín ọ̀rọ̀ ìṣáájú kù.

Ìpele 6: Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kà á síta, kí ẹ sì gé gbogbo gbólóhùn tí ẹ̀mí yín kò lè gbé dé òpin. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí mo ń lò nìyí: ìbéèrè kó wáyé kí ìṣẹ́jú àáyá 20 tó pé, èrò tó kù káàtó títí dé ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, onílù di ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀, ibi tí àfiwé ti já, ìlù mẹ́sàn-án àti rúlà, sátẹ́láìtì àti fóònù ọwọ́ wọn. Ìkíni gígùn, ẹ yọ ọ́. "Ẹ kú ìjókòó o" ti tó.

Ìpele 7: Ẹ gbà á sílẹ̀

Ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Èèyàn á fara da àwòrán tí kò mọ́, àmọ́ tí ohùn bá ń dún bí ẹni tó wà nínú agbada, wọ́n á yí i kọjá. Ẹ gbà á ní ìdájí, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó síbi tí aṣọ pọ̀ sí: iwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀ dára gan-an, torí aṣọ ń gbé ìró mì. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú yín, kó má ṣe wà lẹ́yìn yín. Ẹ fi fóònù sí "airplane mode" kí ìpè má baà já a.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ fi súpíkà fóònù gbọ́ ọ nínú kíṣìnì, níbi tí omi ti ń ṣàn tàbí tí ata ti ń hó. Tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ṣì yé yín, ẹ máa bá a lọ.

Ìpele 8: Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ojú fóònù

Òfin kan: ohun tí ojú ń rí gbọ́dọ̀ máa ṣe ohun tí ẹnu ń sọ. Tí ẹnu ń sọ ti onílù tí àwòrán ìràwọ̀ ń fò kọjá lẹ́yìn, ojú ni òǹwòran máa tẹ̀ lé, etí á sì sọnù. Ẹ ya ilé kan, onílù nísàlẹ̀, ẹni tó ń kà lókè, lórí páálí. Ẹ má yí ipò wọn padà títí fídíò fi parí. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó sì mọ Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, díẹ̀ lè lo Manim, ohun èlò tí a fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, tí Grant Sanderson dá sílẹ̀ fún ìkànnì 3Blue1Brown tó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Àmọ́ páálí àti màákà kò ní jẹ́ kí ẹ pàdánù nǹkan kan.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Bọ́tìnnì Yorùbá lórí Gboard ṣe é kọ. Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́ ni pé ìrísí lẹ́tà tí wọ́n yàn kò mọ ọ́ ọ̀ ẹ́ ẹ̀. Àmì á sá lọ sórí lẹ́tà kejì tàbí kó di àpótí kékeré. Ẹ kọ "ọ̀gẹ̀dẹ̀" àti "mẹ́sàn-án" síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Tí ó bá daru, ẹ gbìyànjú Noto Sans.

Ẹ gbé fídíò jáde ní 720p. Dátà wọ́n, fídíò tó wúwo kò sì ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ tìtorí wọn ṣe é.

Ìpele 9: Ìdánwò òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta lálẹ́. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ máa bi wọ́n ní nǹkan. Láàárọ̀, ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má bèèrè "Ṣé ó yé yín?", torí "bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo ọmọlúwàbí máa dáhùn. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín, kí n máa gbọ́." Ẹ dákẹ́. Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́, bó ti wù kó nira tó.

Tí wọ́n bá ní aago bàjẹ́, ẹ padà sí ìpele 3. Tí wọ́n bá ní ìlù sọnù lójú ọ̀nà, gbólóhùn "ìlù tó bá kúrò nílẹ̀ ló ń dé òkè" ni ẹ sọ yára jù. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún gbà, ẹ gé e wọlé. Tí wọ́n bá rántí mẹ́sàn-án àmọ́ tí wọn kò rántí pé mẹ́sàn-án kí ni, ẹ gbé nọ́ńbà náà sún mọ́ onílù sí i. Tí méjì nínú mẹ́ta bá sọ ọ́ tọ̀nà, ẹ gbé e síta. Tí ẹnì kan bá sì rí àṣìṣe lẹ́yìn náà, ẹ kọ àtúnṣe náà sókè pátápátá nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà.

Ìgbà kẹta tí mo tún tèmi ṣe ni ẹ̀gbọ́n mi tó sọ ọ́ fún ọmọ tó ń bá a tà á lọ́jà. Mo wà lórí fóònù, mò ń gbọ́ ariwo Gbági lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Onílù ìsàlẹ̀ ò jí ìlù kankan gbé o. Ó lù ú pé. Ìṣẹ́jú tiẹ̀ ló gùn ju tẹni òkè lọ." Ọmọ náà ní, "Mélòó ló fi gùn, mà?" Ó ní, "Ìlù mẹ́sàn-án lójúmọ́. Bá mi ká aṣọ yẹn."